Ènìyàn mẹ́fà nínú pálọ̀ kan: ta ló ń wo ta?

Àbúrò, o ní ẹ ya ìpàdé ẹbí, ènìyàn mẹ́fà nínú pálọ̀, kámẹ́rà kan ṣoṣo. O ní nígbà tí ẹ́dítọ̀ tò ó pọ̀ tán, ńṣe ló dà bíi pé àbúrò ọkọ ni ìyàwó ń bẹ̀, bẹ́ẹ̀ bàbá ọkọ ló ń bẹ̀. O wá ń béèrè ibi tí ìlà 180, ìyẹn ìlà àárín àwọn tó ń sọ̀rọ̀ tí kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ kọjá, wà nígbà tí èrò bá pọ̀ tó báyìí. Ìpàdé ẹbí tí mo ti dúró nídìí kámẹ́rà fún kò lóǹkà, torí àwa oní fíìmù Yorùbá kì í pẹ́ kó ẹbí jọ.

Tó bá jẹ́ ènìyàn méjì, kò le. Fa ìlà láti imú ẹnì kìíní dé imú ẹnì kejì, kí kámẹ́rà má sì kúrò ní apá kan ìlà náà. Ẹni tó ń wo ọ̀tún á máa wo ọ̀tún, ẹni tó ń wo òsì á máa wo òsì. Ṣùgbọ́n láàárín ènìyàn mẹ́fà, ìlà 15 ló wà. O ò lè pa gbogbo rẹ̀ mọ́, má dán an wò.

Èmi, kí n tó gbé kámẹ́rà sí ibikíbi, mo máa ń béèrè pé: ọwọ́ ta ni ọ̀rọ̀ wà báyìí, ta ló sì ń fèsì? Ìlà àárín àwọn méjì yẹn nìkan ni mò ń ṣọ́. Àwọn mẹ́rin yòókù kàn jókòó tì wọ́n ni. Bí ọ̀rọ̀ bá kúrò lọ́wọ́ bàbá, tó bọ́ sọ́wọ́ àbúrò ọkọ, ìlà ti yí nìyẹn, ẹni tó ń wo fíìmù sì gbọ́dọ̀ fojú rí i nígbà tó ń yí. Jẹ́ kí bàbá yí orí kúrò lára ìyàwó sára àbúrò ọkọ nínú shot kan náà, ìyẹn àwòrán kan tí a yà láìdá a dúró, má gé e. Bí ẹnì kan bá dìde kọjá láàárín pálọ̀, bákan náà ni: kí kámẹ́rà rí i títí tó fi débi tó ń lọ.

Ìjókòó yín gan-an ni mo rò pé ó dá wàhálà sílẹ̀. O ní bàbá wà láàárín, ọkọ àtìyàwó lápá òsì lójú kámẹ́rà, àwọn mẹ́ta tó kù lápá ọ̀tún. Bí ìyàwó bá ń bá bàbá sọ̀rọ̀, ọ̀tún ló ń wò. Bó bá kọjú sí àbúrò ọkọ, ọ̀tún náà ni. Nínú close-up, níbi tí ojú rẹ̀ nìkan ti kún àwòrán, kí ló fẹ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀? Gbé bàbá lọ sí ìkángun òsì, fi ìyàwó tẹ̀ lé e, kí àwọn yòókù tò lọ sápá ọ̀tún. Gbogbo ẹni tó bá ń bá bàbá sọ̀rọ̀ á máa wo òsì, bàbá á sì máa wo ọ̀tún. Bí ìyàwó bá wá kọjú sọ́tún, kíá la ti mọ̀ pé kì í ṣe bàbá ló ń bá wí. Bí olùdarí bá taku pé àárín ni olórí ẹbí gbọ́dọ̀ wà, gbé kámẹ́rà tó ń ya ìyàwó sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ àbúrò ọkọ. Bó bá ń wo àbúrò ọkọ, ojú rẹ̀ á sún mọ́ kámẹ́rà. Bó bá ń wo bàbá, á jìnnà sí i.

Tiwa tún wá ní àfikún. Ọmọdé kì í tẹjú mọ́ àgbà. Òṣèré tó mọṣẹ́ á kúnlẹ̀, á fojú walẹ̀, eyeline, ìyẹn ibi tí ojú òṣèré ń wò, wá dà? Mo máa ń ní kí wọ́n kọ imú àti àyà sí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, bí ojú tilẹ̀ wà nílẹ̀, kí wọ́n wá gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan bí gbólóhùn bá ń parí. Ibẹ̀ ni ẹ́dítọ̀ máa gé.

Ìkúnlẹ̀ tún ń sọ gíga ojú di ọ̀ràn. Tó bá kan close-up bàbá, ìyàwó ti dìde lọ jẹun, bàbá á wá máa wo ọ̀kánkán bí ẹni tó ń bá ògiri wí. Kí ìyàwó padà wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. Bí orúnkún bá ń dùn ún, kí ẹlòmíràn kúnlẹ̀ dípò rẹ̀, kí orí wọn ṣáà ti wà ní gíga kan náà. Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n lẹ téèpù mọ́ irin iná fún òṣèré láti máa wò. Ojú tó ń wo téèpù a máa dákẹ́ gbagidi. Ojú tó ń wo ènìyàn a máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójú onítọ̀hún. Ẹni tó ń náwó sí iṣẹ́ á sì fẹ́ kí gbajúmọ̀ òṣèré tètè máa lọ. Kó máa lọ, ṣùgbọ́n àga rẹ̀ gan-an ni kí ẹni tó rọ́pò rẹ̀ jókòó sí.

Àwọn kan á ní Ozu, olùdarí fíìmù ará Japan, kò ka ìlà 180 yìí sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ní ètò: kámẹ́rà nísàlẹ̀, láìmira, àwọn òṣèré rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wo inú kámẹ́rà tààrà, bó sì ṣe ń ṣe é látorí iṣẹ́ kan dé òmíràn nìyẹn.

Ní ti èyí tẹ́ ẹ ti yà, má jẹ́ kí ẹ́dítọ̀ sọ fún ọ pé òun á kàn yí àwòrán padà kí òsì di ọ̀tún. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe é: fìlà tó gẹ̀ sósì nínú wide, ìyẹn àwòrán tó kó gbogbo pálọ̀, gẹ̀ sọ́tún nínú close-up, kàlẹ́ńdà ìsìnkú ara ògiri sì di ohun tí a ń kà sẹ́yìn. Ẹ padà sí wide kó tó di pé ìyàwó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, ká rántí ibi tí kálukú jókòó. Ẹ wá ibi tí bàbá ti ń mi orí sí i, kódà kó jẹ́ pé kí wọ́n tó pariwo "action" ló mi í, kí ẹ fi í sáàárín ibẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ìyàwó padà wá gba ohùn sílẹ̀, kó fi "Bàámi" kún ọ̀rọ̀ níbi tí ojú rẹ̀ kò ti hàn. "Ẹ" tó ń lò nìkan kò tó, torí àbúrò ọkọ náà, "ẹ" ni ìyàwó ilé ń bá a sọ.

Bí kò bá wá bọ́ sí i, close-up ìyàwó nìkan ni kẹ́ ẹ tún yà. Ya bí wọ́n ṣe jókòó sórí bébà, fi ọfà sí ibi tí kálukú ń wò, kí o gbé e síbí ká jọ wò ó kí ẹ tó lọ háyà jẹnẹrétọ̀.