Ẹ máa ka ọjọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ yín: èsì fún ìyá tó ń wá ilé ní Dublin

Ìyá Ìbejì, mo rí ìbéèrè yín: ṣé ẹ lè kọ̀wé sí àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ní Brussels kí wọ́n yọ díẹ̀ fún yín nínú owó tí Yúróòpù fi ń gbógun ti òṣì, torí pé àwọn onílé ń sá tí ẹ bá ti dárúkọ HAP, owó ilé tí kánsù ń bá èèyàn san. Rárá o. ESF+ ni wọ́n ń pe owó yẹn, ìjọba àti àwọn ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kó o fún. Ìlérí wọn ni pé tó bá fi máa di 2030, ó kéré tán mílíọ̀nù 15 èèyàn á ti bọ́ nínú ewu òṣì. Mílíọ̀nù 20 ni wọ́n pè nígbà tí wọ́n ń ṣèlérí ti 2020, wọn ò sì débẹ̀. Òfin ni kí ẹ dì mú.

Láti 2016 ni òfin Ireland ti sọ pé onílé ò gbọ́dọ̀ torí HAP kọ̀ láti fún èèyàn nílé. Mi ò mọ̀ nígbà tèmi. Mo pe éjẹ́ńtì kan nípa ilé oníyàrá méjì, à ń sọ̀rọ̀ dáadáa títí mo fi dárúkọ HAP. Ó ní kí n dúró díẹ̀. Ó padà dé, ó ní ilé ti lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ ìlú wọn pè é, wọ́n ní kó wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé. Orí àtẹ̀gùn hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kó èmi àtàwọn ọmọ sí ni mo jókòó sí, mo ń wo fóònù bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Mo lọ fẹjọ́ sùn. Òṣìṣẹ́ tó wà ní káńtà ò tilẹ̀ gbójú sókè: "Ẹ ṣáà máa wá a lọ." Mo gbà á gbọ́! Ìgbà tí ẹnì kan fi máa sọ fún mi pé oṣù méjì péré ni mo ní láti fi fọ́ọ̀mù ES.1, ìwé tí èèyàn fi ń sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún ẹni tó kọ̀ ọ́, ránṣẹ́ sí éjẹ́ńtì náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ti lọ. Wọ́n lè sún un sí oṣù mẹ́rin tí ìdí gúnmọ́ bá wà. Mo bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní pé mi ò mọ òfin kì í ṣe ìdí. Títí dòní, tí mo bá kọjá níwájú ọ́fíìsì yẹn, inú mi á ru.

Lẹ́ẹ̀kejì, mi ò sọ̀rọ̀ lásán lórí fóònù mọ́. Bí a bá ti sọ̀rọ̀ tán, mo máa ń fi ìméèlì lé e: "Ẹ ní ẹ ò gba HAP, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé ọ̀kan dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi ES.1 ránṣẹ́ ní rẹ́jísítà, mo tọ́jú risíìtì. Oṣù kan kọjá, kò fèsì, mo gba WRC lọ, àjọ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí ní Ireland. Kí oṣù mẹ́fà tó pé láti ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ yín ni kí ẹ ti débẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa kọ ọ́, kò le.

Ọ̀fẹ́ ni o. Àwọn èèyàn wa kan wà tó ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn kí wọ́n tó bá a kọ ọ́, ẹ má dá wọn lóhùn.

Tó bá jẹ́ pé àwọ̀ yín náà wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ kọ̀ yín, ẹ kọ méjèèjì. Ti àwọ̀ ni Yúróòpù ṣòfin lé lórí ní 2000: tí ẹ bá ti kó ohun tó mú ìfura dání wá, ọ̀dọ̀ éjẹ́ńtì ló kù sí láti fi hàn pé òun ò ṣe é. Ẹ sì mọ̀ pé láti 2021, gbangba ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́, orúkọ yín lè jáde nínú ìwé ìdájọ́. Owó gbà-má-bìínú tí wọ́n lè ní kí wọ́n san fún yín ò lè ju €15,000 lọ.

Tèmi ò dé ìdájọ́, wọ́n bá wa làjà. Mo ti fọwọ́ sí i pé mi ò ní sọ iye tí wọ́n san. Ilé yẹn ò tẹ̀ mí lọ́wọ́, ibòmíràn là ń gbé.

Ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n kọ̀ yín? Ẹ ò kọ ọ́ síbẹ̀.