Má Tíì Ha Ọ̀dà Kẹ̀kẹ́ Yẹn

Àbúrò, mo ti ka ohun tí o kọ. O ní inú yàrá ẹrù ẹ̀gbọ́n bàbá yín tó dolóògbé lo ti wú kẹ̀kẹ́ eré ìje náà jáde, pé báàjì iwájú rẹ̀ kò sí mọ́, sítíkà ara rẹ̀ ti ya, òpó ìjókòó ti lẹ̀ mọ́ inú páìpù, o sì fẹ́ ha á kí o tún un kùn kí o tó wá mọ irú èyí tó jẹ́. Mo bẹ̀ ọ́, gbé ọ̀dà yẹn tì ná.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe sí tèmi nìyẹn, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi oògùn tó ń bó ọ̀dà ha gbogbo ara rẹ̀ títí irin fi ń kọ mọ̀nà. Lára páìpù tó gbé ìjókòó dúró, àjákù sítíkà kan wà níbẹ̀ tí kò ju èékánná méjì lọ. Nọ́ńbà 5 hàn lára rẹ̀, àti nǹkan tó jọ ìdajì 3. N ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó rí odidi irú rẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ ẹlòmíì: Reynolds 531, irin tí àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ti ń lò láti 1935. Ẹ̀rí tó dájú jù lọ ni mo fi ọwọ́ ara mi fọ̀ dànù.

Torí náà, jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òpó ìjókòó ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Páìpù ìjókòó kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ítálì sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 28.6 níta. Bí irin rẹ̀ bá dára, wọ́n lè ṣe é ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó má sì tẹ̀, ihò inú rẹ̀ á wá fẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi máa ń dùn bí mo bá rí òpó 27.2: páìpù bíi Reynolds 531 tàbí Columbus SL ló sábà máa ń gbà á. Bó bá jẹ́ 25.4 tàbí 26, páìpù tó nípọn ni. Kẹ̀kẹ́ ojoojúmọ́ nìyẹn, kò burú, àmọ́ má náwó gọbọi lé e lórí. Ti Faransé yàtọ̀ díẹ̀, 28 géérégé ni páìpù wọn níta, nítorí náà òpó 26.4 lára tiwọn lè jẹ́ ojúlówó. Níwọ̀n bí tìrẹ ti lẹ̀, apá tó yọ síta ni kí o wọ̀n, kí o sì rí i pé kò sẹ́ni tó fi páànù há a lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọdún rẹ̀ ńkọ́? Fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àti kẹrosíìnì fọ ẹ̀yìn kíránkì (apá irin tó gbé pẹ́dàlì) àti ẹ̀yìn derailleur, irin tó ń sún ṣéènì láti orí eyín kan bọ́ sórí òmíràn. Bó bá jẹ́ Shimano, wàá rí lẹ́tà méjì wẹ́wẹ́: àkọ́kọ́ ni ọdún, ìkejì ni oṣù. A dúró fún 1976, B fún 1977, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí JC fi jẹ́ oṣù kẹta 1985. Derailleur Campagnolo Nuovo Record a máa ní "Patent" pẹ̀lú ọdún lára. Họ́ọ̀bù Sturmey-Archer, ìyẹn àárín táyà tí sípóòkù ń so mọ́, tiẹ̀ máa ń gbé oṣù àti ọdún sára ní gbangba. Ẹ̀rí ẹyọ kan kò tó o, torí ọ̀pọ̀ ti pààrọ̀ nǹkan lára kẹ̀kẹ́ kó tó dọ́wọ́ rẹ. Wá wọn àlàfo tí táyà ẹ̀yìn ń wọ̀ láàárín irin méjèèjì: mìlímítà 120 sábà máa ń jẹ́ ti jíà márùn-ún, 126 ti mẹ́fà tàbí méje, 130 ti mẹ́jọ lọ sókè. Bí àlàfo àti lẹ́tà bá bára mu, o lè gbà á gbọ́.

Ilé kíránkì, páìpù kúkúrú tí ọ̀pá kíránkì gbà kọjá, ni mo ti jìyà jù. Wọn fífẹ̀ rẹ̀ láti etí dé etí: 68 sábà máa ń jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé, 70 jẹ́ ti Ítálì, Raleigh àtijọ́ sì wà tó jẹ́ 71 tàbí 76, tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò bá ti ẹlòmíì mu. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni tèmi, n ò sì mọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń bá kọ́ọ̀pù ọwọ́ ọ̀tún jà. Kọ́ọ̀pù ni irin oníhò tí wọ́n yí wọ etí ilé kíránkì; ti ọ̀tún ni èyí tó wà lápá ibi tí ṣéènì wà. Mo ń fa sípánà lọ sósì bí a ṣe ń tú gbogbo nọ́ọ̀tì. Mo da epo sí i, mo ki páìpù bọ ẹ̀yìn sípánà kó lè gùn. Sípánà yọ̀, ó bó ẹ̀yìn ìka mi, etí kọ́ọ̀pù sì di róbótó. Bàbá kan tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kí wọ́n tó bí mi ló wò ó, tó ní, "Ọmọ mi, fífún lò ń fún un."

Kọ́ọ̀pù ọ̀tún ti Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọ̀tún ló ń tú sí. Ti Ítálì àti Faransé, òsì ni. Bàbá náà ki bóòtù ńlá kan gba ihò kọ́ọ̀pù láti ìta, ó fi wọ́ṣà sí tojú tẹ̀yìn, ó de nọ́ọ̀tì rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Bó ṣe ń yí orí bóòtù lọ sọ́tùn-ún, bóòtù àti nọ́ọ̀tì há kọ́ọ̀pù sáàárín. Nígbà tí wọn ò lè fún mọ́, kọ́ọ̀pù gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn yí. Ó dún kẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kí o tó ra ẹyọ nǹkan kan, fọwọ́ pa abẹ́ páìpù tó dà gẹ̀rẹ́, lẹ́yìn ọrùn kẹ̀kẹ́. Bí o bá gbọ́ ọ pé ó wú tàbí pé ọ̀dà ibẹ̀ hunjọ, kẹ̀kẹ́ náà ti forí sọ nǹkan rí. Lẹ́yìn náà, so òwú mọ́ ẹnu irin ẹ̀yìn lápá kan, fà á yí ọrùn ká, kí o dá a padà sí apá kejì. Wọn àlàfo òwú sí páìpù ìjókòó lọ́tùn-ún àti lósì. Bí wọn ò bá dọ́gba, ó ti wọ́.

Fún òpó tó lẹ̀, gbé mágínẹ́ẹ̀tì sí i. Bí kò bá mú un, alumíníọ̀mù ni, má fi iná sí i bí mo ti ṣe. Ooru máa ń mú alumíníọ̀mù fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin, ńṣe ló túbọ̀ há. Yìnyín ni kí o fi dì í. Dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, da epo tó ń wọ inú ìdógùn-ún gba ilé kíránkì kó ṣàn lọ bá òpó, fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí o wá fi fáìsì di orí òpó mú kí o máa fi odindi fíréèmù yí i.

Ìyókù kò le. Bébà alumíníọ̀mù àti omi á ha ìdógùn-ún kúrò lára kúróòmù. Pààrọ̀ gbogbo bọ́ọ̀lù inú họ́ọ̀bù, má dá èyí tó jọ pé ó dára sí. Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn sábà máa ń gba mẹ́sàn-án oní-1/4 íǹṣì lápá kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà búréèkì àti wáyà, tuntun ni. Yẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wò fínnífínní níbi tí wọ́n ti fún un mú, torí alumíníọ̀mù tó ti gbó máa ń sán níbẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ yẹn, ọṣẹ àti epo ìda ló nílò. Tèmi ti wà ní pupa báyìí, ó dán gbinrin. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irin wo ni, mo máa ń dáhùn pé mo rò pé 531 ni.