BMW K75 tó ń kú lójú títì: kí ẹ tó ra pọ́ǹpù epo tuntun

Ẹ kú wàhálà alùpùpù yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní K75 ọdún 1988 tí ẹ ń gùn máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, lẹ́yìn náà á kú lójijì, bó bá sì tutù tán, á tún ṣíná. Ẹ ní mẹkáníìkì ti sọ pé pọ́ǹpù epo ló bàjẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí tèmi náà ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì náwó títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí tó dájú.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà ni pé mo ń retí kí pọ́ǹpù náà kùn bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́. K75 kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá tẹ sítátà ni iná tó máa ń dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti ń yí, iná náà kò ní já. Nítorí pé n kò mọ èyí, mo pààrọ̀ rilé (suwíìṣì tó ń gbé iná lọ sí pọ́ǹpù) tí kò ní àrùn kankan.

Bó bá tún kú lọ́nà, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí táǹkì. Bí ẹ bá gbọ́ tí atẹ́gùn ń sáré wọlé, tí alùpùpù sì ṣíná lójú ẹsẹ̀, ihò atẹ́gùn ìdérí ló dí. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti ìdérí náà pa, kí ẹ fi plọ́ọ̀gì àlòkù kan sí ẹnu wáyà plọ́ọ̀gì, kí ara rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì tẹ sítátà. Bí kò bá ta iná rárá, ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀, kí ẹ yẹ sensọ Hall, èyí tó ń sọ ìgbà tí plọ́ọ̀gì yóò ta iná, tó wà níwájú ẹ́ńjìnnì wò, nítorí ooru máa ń pa òun náà.

Bó bá ń ta iná, ẹ wọn iná tó ń dé ibi tí wáyà ti wọ táǹkì nígbà tí ẹnìkan bá ń tẹ sítátà. Bí iná bá pé, tí pọ́ǹpù sì dákẹ́, òun ló jẹ̀bi. Bí iná bá kéré, ẹ wo fíùsì àti wáyà aláwọ̀ ilẹ̀ tó jẹ́ wáyà ilẹ̀. Ti èmi tiẹ̀ ń kùn, àmọ́ nígbà tí mo so géèjì mọ́ họ́ọ̀sì epo, ó fi bar 2.5 (bar ni ìwọ̀n agbára tí epo fi ń tì) hàn ní tútù, bó ti yẹ, ó sì wálẹ̀ sí abẹ́ bar 1 nígbà tó gbóná.

Inú táǹkì ni mo ti rí ìdí rẹ̀. Rọ́bà tó di pọ́ǹpù mú kí ó má bàa gbọ̀n ti yọ́ di ohun dúdú bí ọ̀dà, ó sì ti dí asẹ́ ìsàlẹ̀ pọ́ǹpù pátápátá. Ọjọ́ orí ló ń fa èyí, pẹ̀lú ẹtanọ́ọ̀lù inú epo. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni E10, èyí tí ẹtanọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ti di bẹntiróòlù gbogbogbòò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pọ́ǹpù tó ń fa epo gba inú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ á máa gbóná ju agbára rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá fi pọ́ǹpù tuntun sínú ìdọ̀tí náà, owó ẹ ṣòfò.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ yọ orí bátìrì, kí ẹ fa epo tán. Ẹnu ìdérí ni ọwọ́ ń gbà wọlé. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà, asẹ́ àti fílítà inú táǹkì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọfà ara fílítà kọjú síbi tí epo ń lọ. Ọ̀rọ̀ họ́ọ̀sì ló dùn mí jù: ẹni tó tà á fún mi búra pé ti epo ni, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó lè gbé inú epo. Láàárín oṣù mẹ́rin ó rọ̀, ó ya, epo wá ń yí po nínú táǹkì láì dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì, mo sì tún ń dá pọ́ǹpù tuntun lẹ́bi. Èyí tí wọ́n tẹ J30R10 sí lára, àmì họ́ọ̀sì tó lè gbé inú epo, nìkan ni kí ẹ rà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó tán, ẹ da epo sí i kó bo pọ́ǹpù mọ́lẹ̀, nítorí epo náà ló ń tù ú lára, ẹ tẹ sítátà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì nawọ́ kan gbogbo ojú ìsopọ̀ abẹ́ táǹkì bóyá ó ń jò kí ẹ tó gùn ún jáde.