Kí ẹ tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ alákòóso ilé-ẹ̀kọ́

Ẹ kú oríire ìyànsípò yín. Ẹ ní ọ̀gá tuntun kéde pé gbogbo yín lẹ ó jọ máa darí ilé-ẹ̀kọ́ báyìí, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ yín sì dìbò yàn yín sínú ìgbìmọ̀ alákòóso. Ohun méjì lẹ béèrè: kí ni kí ẹ máa ṣọ́ kí wọ́n má baà fi yín ṣe àfihàn lásán, àti ṣé ó yẹ kí ẹ máa sọ ohun tí ẹ bá gbọ́ nínú ìpàdé fún àwọn tó yàn yín. Mo ti ṣe aṣojú olùkọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo tún ti jókòó ní Sẹ́nétì fásitì, ìgbìmọ̀ tó ń darí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti rí ibi tí irú ìṣàkóso àjùmọ̀ṣe yìí ti mú kí ilé-ẹ̀kọ́ dára sí i, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ bo àṣẹ ẹnìkan mọ́lẹ̀.

Kí ẹ tó sọ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wádìí agbára tí ìgbìmọ̀ yín ní lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n sọ nǹkan fún ni, kí wọ́n gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni, kí a jọ pinnu, kí wọ́n fi ìpinnu lé ni lọ́wọ́ pátápátá: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàtọ̀ síra wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìjà tó ṣẹlẹ̀ lójú mi, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Apá kan rò pé àwọn ń pinnu, apá kejì sì gbà pé ìmọ̀ràn ni àwọn ń gbà.

Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n yan àwa olùkọ́ mélòó kan láti wo àwọn iṣẹ́ tó yẹ kí a pa pọ̀ nínú ètò ẹ̀kọ́. A máa ń dúró lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, a fọ̀rọ̀ wá àwọn olùkọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu wò, a kọ ìròyìn tó nítumọ̀. Ọ̀gá gbà á, ó dúpẹ́, nígbà tí sáà tuntun sì bẹ̀rẹ̀, a bá táímtébù lára ògiri tí kò jọ ohun tí a kọ rárá. Nígbà tí a béèrè, ó ní ìmọ̀ràn lòun bèèrè fún. Kò sì sí ibi tí a ti lè mú un, nítorí kò sí ẹni tó kọ ohunkóhun sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yàn wá. Ohun tí ó dùn mí jù kọ́ ni pé wọn ò lo ìròyìn wa. Nígbà tí wọ́n tún ń wá ènìyàn fún ìgbìmọ̀ mìíràn, àwọn tó mọ iṣẹ́ jù ni wọ́n kọ́kọ́ yọwọ́, ó sì pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó gbà láti ṣe nǹkan fún ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ́.

Ní 1966, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń ṣojú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, àti ẹgbẹ́ àwọn ìgbìmọ̀ alákòóso jọ ṣe àgbékalẹ̀ ìwé kan lórí bí ó ṣe yẹ kí a pín ìṣàkóso. Kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n mo ti jàǹfààní rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ òfin lọ. Ó ní àwọn olùkọ́ ni ohùn wọn gbọ́dọ̀ wúwo jù lórí ohun tí a ń kọ́ àti bí a ṣe ń kọ́ ọ, lórí ìwádìí, lórí gbígba olùkọ́ síṣẹ́ àti ìgbéga rẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ tàbí ọ̀gá bá máa yí ìpinnu wọn padà lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó ṣọ̀wọ́n, kí ìdí rẹ̀ lágbára, kí wọ́n sì sọ ìdí náà ní kíkún.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ dì mú. A jà títí a fi rí i fi sínú ìlànà wa ní fásitì: ẹnikẹ́ni tó bá kọ̀ láti gba àbá ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí sáà tó parí. Kò mú kí wọ́n gba àbá wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á kí wọ́n tó kọ̀ ọ́. Àwa náà sì yí ọwọ́ padà, a ò kọ ẹ̀dùn ọkàn olójú-ewé gígùn mọ́, àbá tí ènìyàn lè dáhùn là ń kọ.

Ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ pé àjùmọ̀ṣe ni pé kí ìbò gbogbo ènìyàn dọ́gba lórí ohun gbogbo. Ní 1973, ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ ní Jámánì gbà pé akẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ lè jókòó nínú ìgbìmọ̀ fásitì, ṣùgbọ́n ó ní lórí ìwádìí àti yíyan ọ̀jọ̀gbọ́n, ohùn àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni kó borí, kí wọ́n sì ní ó kéré tán ìdajì ìbò lórí ọ̀rọ̀ ìkọ́ni. Gúúsù Áfíríkà gba ọ̀nà mìíràn fún ilé-ìwé àwọn ọmọdé. Òfin wọn ti 1996 ní kí òbí fi ẹnìkan pọ̀ ju gbogbo àwọn yòókù tó ní ìbò lọ nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ìjọba, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ní aṣojú níbi tí kíláàsì bá ti dé ìpele kẹjọ sókè. Àwọn kan lè bínú sí ọ̀kan nínú méjèèjì. Ní tèmi, ohun tí mo rí nínú wọn ni pé ẹnìkan jókòó, ó béèrè ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: ta ló mọ̀ ọ́n jù, ta ni yóò sì gbé ẹrù rẹ̀ bí ó bá bàjẹ́? Kí ẹ béèrè bẹ́ẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tiyín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣọ́ ìwé ìpàdé àti àsìkò tó ń dé. Ẹni tó ń kọ àjẹ́ńdà, ìyẹn àkójọ ohun tí ìpàdé yóò jíròrò, ti pinnu ìdajì ìpàdé. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti gbé ìṣúná ọdún kan fún wa ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé gan-an, ìwé tó nípọn, wọ́n sì ní kí a fọwọ́ sí i kó tó di ọ̀sán. Kò sí ẹni tó lè rí ohunkóhun nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, àkọsílẹ̀ yóò sì máa sọ títí ayé pé aṣojú olùkọ́ wà níbẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè pé kí ìwé máa dé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Bí kò bá dé, ẹ sọ ọ́ jáde, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ kò rí àyè kà á. Ẹ sì kíyè sí apá tí wọ́n ń pè ní “ọ̀rọ̀ mìíràn” ní ìparí ìpàdé. Ohun tó bá fẹ́ ìpinnu kò yẹ níbẹ̀, nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń kó báàgì wọn.

Ó tún ku èyí tí àwọn tó fẹ́ràn ìṣàkóso àjùmọ̀ṣe, tí mo wà lára wọn, kì í fẹ́ sọ. Ìpinnu tí gbogbo ènìyàn jọ ṣe máa ń ṣòfò bí kò bá ní ẹni tí yóò ṣe é. Ìgbìmọ̀ kan fẹnu kò pé kí àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń nira fún máa gba ẹ̀kọ́ àfikún. Inú gbogbo wa dùn. Sáà parí, kò sí ọmọ kan tó rí olùkọ́, nítorí olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ń ṣe é. Àwọn ọmọ yẹn ló pàdánù. Nítorí náà, bí ìpinnu bá ti wáyé, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ni ín, ọjọ́ tí yóò jábọ̀, owó àti àṣẹ tí a fún un. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá. Bí iná bá ń jó ilé, a kì í pe ìpàdé.

Ẹ béèrè fún àkókò yín náà. Bí wọn kò bá dín iṣẹ́ kíláàsì aṣojú kù, kò ní pẹ́ tí ipò náà yóò fi di ti àwọn tí kò ní ọmọ kékeré nílé nìkan.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ní fásitì Bologna ní Ítálì láyé àtijọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń yan olórí, tí wọ́n ń gba olùkọ́ síṣẹ́, tí wọ́n sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ olùkọ́ tó bá pẹ́ dé. Síbẹ̀ àwọn olùkọ́ ló di ìdánwò àti oyè mú. Lóde òní, ọdún kan péré ni ọ̀pọ̀ aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ ń lò. Bí ọmọ náà bá fi máa mọ bí a ṣe ń ka ìṣúná, ó ti ń palẹ̀ mọ́. Ẹ jókòó tì í kí ìpàdé àkọ́kọ́ tó dé, kí ẹ bá a ka ìwé náà. Ẹ má sì gbàgbé àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í kọ́ni: akọ̀wé tó ń gba fọ́ọ̀mù ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé iye ọmọ tó ń wọlé ti ń dín kù.

Ní ti ìbéèrè yín kejì, àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ìgbìmọ̀ alákòóso, ojúṣe yín kan gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ àìsàn ẹnìkan, ìbáwí òṣìṣẹ́ tàbí ọmọ, iye owó tí wọ́n ṣì ń dúnàádúrà lé lórí: inú ìgbìmọ̀ ni kí ìwọ̀nyí wà, ẹnikẹ́ni tó wù kó bi yín. Ohun tó kù, ìyẹn ohun tí a gbé yẹ̀ wò, ìdí tó mú kí ó rí bí ó ṣe rí, àti ìpinnu tí a ṣe, ẹ sọ ọ́ fún wọn, láìdárúkọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ó má baà dàrú, bí ọ̀rọ̀ kan bá ti parí, kí ẹ bi alága lójú gbogbo ènìyàn pé kí ni mo lè sọ fún àwọn tó rán mi, kí akọ̀wé sì kọ èsì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sọ́dọ̀ wọn kí ọ̀sẹ̀ ìpàdé náà tó parí, pàápàá nígbà tí àbá wọn bá jábọ́. Ẹ sọ fún wọn pé ó jábọ́, ẹ sọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́, ẹ sì sọ ibi tí ẹ̀yin dìbò sí.