Wáyà iná kọ̀ǹpútà tó ń mì lẹ́yìn: wáyà ló bàjẹ́ ni, àbí power pack?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ọ̀jọ́ọ̀, n'Ìbàdàn. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tòkunbọ̀, ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Láti bí oṣù méjì, wáyà iná tó wọ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í dúró dáadáa mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fara gbún tábìlì báyìí, kọ̀ǹpútà á kú, iṣẹ́ tí mò ń tẹ̀ á sì bá a lọ. Mo ní UPS, kò yí nǹkan kan padà. Mo ká bébà, mo fi há ẹ̀gbẹ́ wáyà náà. Ó dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, ló bá tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní power pack ló bàjẹ́, kí n mówó wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN

Ẹ má tíì sanwó power pack, àpótí inú kọ̀ǹpútà tó ń gba iná ògiri tó sì ń pín in fún un. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ló máa ń fa irú èyí jù, ìdánwò tí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ ni yóò sì sọ èyí tó jẹ́.

Bébà yẹn la ó kọ́kọ́ yọ. Ẹ pa kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ ká pa á, ẹ tẹ bọ́tìnnì UPS kó kú, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì lára ògiri. Ẹ má fo ti bọ́tìnnì yẹn o: UPS tí wọ́n yọ lára ògiri lásán ṣì ń gbé iná jáde láti inú bátìrì, 230 volt gidi, ẹni tó bá rò pé iná ti lọ ló máa ń fọwọ́ kàn án.

Ìdí tí bébà fi burú rèé. Orí wáyà tó ń wọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè ní C13. Ojú tó ń wọ̀ lára power pack ni C14. Nínú C14, irin pẹlẹbẹ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mílímítà 4, ó sì nípọn tó mílímítà 2. Irin wọ̀nyẹn le, wọn kì í jẹ bọ̀rọ̀. Inú ihò C13 ni iṣẹ́ wà: idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ̀ bí ẹnu ẹ̀mú ló wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, òun ló ń di irin mú. Bí wáyà bá ń fi ìwúwo ara rẹ̀ fà á sí ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́, tàbí tí wọ́n ti kọ̀ǹpútà mọ́ ògiri débi pé wáyà tẹ̀ kọdọrọ, ẹnu ẹ̀mú yẹn á ṣí díẹ̀díẹ̀, kò sì ní padé mọ́. Bébà tí ẹ há sí i kò pa ẹnu náà dé. Ńṣe ló ti orí wáyà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí idẹ fi wá ń kan irin ní etí péré.

Kọ̀ǹpútà tó ń kú ń bí yín nínú, ṣùgbọ́n ooru ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹ̀rọ yín ń fa 300 watt. Bí iná bá pé 230 volt, ampere 1.3 ló ń gba inú wáyà kọjá, èyí kò sì tó nǹkan lójú C13 tí wọ́n ṣe fún ampere 10. Àmọ́ bí ibi tí idẹ ti kan irin bá kéré débi pé ó ń dí iná lọ́wọ́ tó ohm 1, ooru watt 1.7 á máa jáde lójú kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Fún ẹni tí kò lo UPS, tí NẸ́PÀ wá gbé 160 volt wá nírọ̀lẹ́, power pack kò ní torí ẹ̀ dín oúnjẹ rẹ̀ kù: á fa ampere 1.9 kó lè rí 300 watt tirẹ̀, ooru ojú kan yẹn á sì di watt 3.5, ìlọ́po méjì. Idẹ tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ á rọ̀, agbára ìdìmú rẹ̀ á lọ, á túbọ̀ tú, á túbọ̀ gbóná. Ìgbà tí àárín irin àti idẹ bá wá ń ta páń-páń-páń, tí òórùn kan ń jáde bí ẹja tó ti ń bàjẹ́, ike rẹ̀ ti ń jó nìyẹn. Bébà ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn!

(Àwọn kan ń fi bébà dídán inú páálí sìgá há a. Irin ni ojú rẹ̀, ó ń gbé iná. Ká má tiẹ̀ sọ ìyẹn.)

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí UPS tí ẹ ní kò yí nǹkan padà, nítorí ó wúlò fún wa. Bí iná bá já, power pack lè fi èyí tó tọ́jú sínú gbé kọ̀ǹpútà fún nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdì 16 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gan-an. Kò tó àyípo kan iná NẸ́PÀ, tó jẹ́ 20. Ọ̀pọ̀ UPS ń bọ́ sórí bátìrì láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 4 sí 10, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà kì í fi í mọ̀ pé iná lọ. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé láàárín ògiri sí UPS ni nǹkan ti ń mì, ẹ ó gbọ́ kí UPS dún "kọ́", kó ké, kọ̀ǹpútà kò sì ní kú. Tiyín ń kú, ẹ ò sì sọ pé UPS ń ké. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀yìn UPS ni àléébù wà: ẹnu ìjáde UPS, wáyà náà fúnra rẹ̀, tàbí power pack. Ẹyọ ohun kan ló lè ba àlàyé yìí jẹ́, kí bátìrì UPS ti kú. Ẹ fi monitor nìkan sí i, ẹ tan án, kí ẹ yọ UPS lára ògiri. Bí monitor bá kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bátìrì ti lọ, ẹ ó sì ní láti yẹ ọ̀dọ̀ ògiri wò pẹ̀lú.

Ó kan ìdánwò gan-an. Pẹ̀lú iná tó ti kú pátápátá, ẹ gbé orí wáyà sójú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ihò kan bá ní àwọ̀ ilẹ̀ yíká, tàbí tí etí rẹ̀ ti yọ́ tí kò gún mọ́, ìdánwò ti parí fún wáyà yẹn. Ẹ gé e sí méjì kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù má baà tún gbé e lò. Ẹ yẹ irin inú C14 wò bákan náà. Irin tó ń dán kò ní wàhálà. Bó bá dúdú, tàbí tí ike ìdí rẹ̀ ti yọ́, ẹ má tún ki wáyà tuntun bọ̀ ọ́, torí irin tó ti jó á ba idẹ tuntun jẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Bí kò bá sí àmì jíjó níbì kankan, ẹ yọ wáyà monitor yín, C13 kan náà ni lára ọ̀pọ̀ monitor, kí ẹ fi í bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Ẹ tì í tààrà, kó le díẹ̀, títí tí kò fi ní lọ mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí ohun tó bàjẹ́ rárá: wáyà tuntun máa ń le, ẹni tó tì í wọlé á rò pé ó ti dé ìdí, ó sì ku díẹ̀. Wáyà tó dára gbọ́dọ̀ gba agbára láti wọlé, kó sì gba agbára láti jáde. Ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ wọ BIOS, ojú ètò tó máa ń ṣí kí Windows tó dé, kí ẹ dúró síbẹ̀, torí kò sí fáìlì tó ṣí níbẹ̀ tó máa bàjẹ́. Ẹ di ike orí wáyà mú, kì í ṣe ìrù rẹ̀, kí ẹ mì í jẹ́jẹ́ sókè sódò.

Bí wáyà monitor bá fún dan-in, tí ẹ̀rọ ò kú, wáyà àtijọ́ ló jẹ̀bi. Kò sí àtúnṣe fún un. Ẹ má ki abẹ́rẹ́ bọ inú ihò láti fún ẹnu ẹ̀mú pọ̀. Wọ́n ti da ike bò ó yíká, ẹ ò ní lè tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bákan náà. Ẹ má sì tẹ irin C14 wọ́, ìdí rẹ̀ ni yóò ṣẹ́.

Bí wáyà méjèèjì bá ń mì, tí ẹ sì rí i pé ojú C14 fúnra rẹ̀ ló ń rìn nínú páànù power pack, ẹni tó ń bá yín tún un ṣe sọ òótọ́. Eyín ike tó dì í mú ti kán, tàbí léèdì tó so wáyà mọ́ ọn nínú ti là. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ má tú power pack o. Kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ máa ń gba 325 volt, nínú èyí tó bá ní PFC (ẹ̀ka kan tó ń tún bó ṣe ń fa iná ṣe) ó ń tó bíi 400, iná yẹn sì lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà. Ẹni tó ní mítà, tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú iná inú rẹ̀ dànù, lè jo léèdì rẹ̀ padà. Bó bá ní kí ẹ ra òmíràn, ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ ọjà: ọ̀pọ̀ Dell OptiPlex àti HP EliteDesk tòkunbọ̀ kì í lo ẹnu ATX oníhò 24 tó wọ́pọ̀, power pack tó kún ọjà kò sì ní wọ̀ ọ́.

Bí gbogbo rẹ̀ bá fún, tí ẹ̀rọ ṣì ń kú tí wọ́n bá gbún tábìlì, ẹ wo ẹnu ìjáde UPS. Ihò C13 ni ọ̀pọ̀ UPS ní, ó sì ń ṣí bí ti wáyà. Bí UPS bá ní ihò mìíràn, ẹ lo ìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá ń ra wáyà, ẹ ka ara rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n kọ 3×0.75 tàbí 3×1.0 mm² sí i lára, kí orí C13 náà sì ní 10A 250V. Èyí tó bá kọ 125V, tó ní púlọ́ọ̀gì ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ, ti Amẹ́ríkà ni. Ó máa ń bá tòkunbọ̀ wọlé. Wọn kò ṣe é fún iná tiwa, adaptor tí wọ́n máa ń fi sí i sì tún jẹ́ ibòmíràn tó máa mì. Ẹ fi òòfà kan wáyà: bó bá fà á, irin tí wọ́n fi bàbà kùn ló wà nínú rẹ̀, ẹ dá a padà. Kó má gùn ju mítà 1.8 lọ. Bó bá ní púlọ́ọ̀gì ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ ṣí ilé fíúsì rẹ̀: 5A tó fún 0.75 mm², àwọn kan á kàn ki 13A bọ̀ ọ́, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní fíúsì rárá. Bí ara kọ̀ǹpútà bá ń ta yín lọ́wọ́ wìnrìn-wìnrìn, earth ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wáyà tó ń mì sì wà lára ohun tó ń fà á.

Títí tí ẹ ó fi dé ọjà, bí kò bá sí àmì jíjó, ẹ fi okùn ike so wáyà mọ́ síkúrù ẹ̀yìn ẹ̀rọ kó má baà fi ìwúwo fa orí rẹ̀, kí ẹ má sì fà á le láàárín síkúrù sí ojú C14. Ẹ máa yọ ọ́ tí ẹ bá ń ti ṣọ́ọ̀bù. Tí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà bá sún mọ́ ògiri, C13 tí orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ béèrè; ó tún wà, èyí tó ní bọ́tìnnì tó ń há ara rẹ̀ mọ́ C14, kò ní jáde àfi tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì náà.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ wo ẹ̀yìn UPS yín. Bí ihò mẹ́ta inú ike onígun ló wà níbẹ̀, wáyà C13 sí C14 ni ẹ ó rà, kì í ṣe èyí tó ní púlọ́ọ̀gì ògiri.