Bàbá Ìbejì, ọ̀nà àbọ̀ láti Olúmirin ni kí ẹ kọ́kọ́ rò

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìmúra o. Mo rí ìbéèrè yín pé ẹ̀yin, ìyá àwọn ọmọ àti ìbejì ọlọ́dún mẹ́jọ fẹ́ jáde láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sátidé lọ wo Olúmirin, omi tó ń já látorí àpáta ní Erin Ìjẹ̀ṣà, ní ìpele méje. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè gun ìpele méjèèje kí ẹ sì sùn sílé, àti irú bàtà tó yẹ kí ẹ wọ̀.

Lílọ kò le. Ẹ wọkọ̀ Òṣogbo, ẹ wọ ti Iléṣà, ẹ wá wọ ti Àkúrẹ́. Bí ẹ bá ti kọjá Ìwárajà, ẹ ní kí awakọ̀ já yín sí ìyànà Erin, ọ̀kadà á gbé yín wọlé. Ẹ san owó ẹnu ọ̀nà, ẹ tẹ̀lé ìró omi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni sísọ̀kalẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ bí òkè yẹn ṣe ga tó, kò sẹ́ni tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́. Ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí iṣu rí ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ẹ bá ń gùn, ara ṣì le, ojú yín sì wà níbi tí ẹsẹ̀ fẹ́ tẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, itan ti rẹ̀, orúnkún ń gbọ̀n, ìwúwo ara ń dà síwájú, aṣọ àti bàtà sì ti rin nítorí ẹ ti wẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni gbogbo ènìyàn máa ń kánjú, torí wọ́n rò pé ó ti parí.

Níbi tó bá ti dà gẹ̀rẹ́, ẹ má kọjú síwájú tààrà. Ẹ fẹ̀gbẹ́ sọ̀. Ẹ gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fi gìgísẹ̀ ṣáájú, torí gìgísẹ̀ ló ń yọ̀ lọ. Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn, ẹ fi ti iwájú dán òkúta wò. Bó bá mì, ẹ wá òmíràn. Níbi tó ga jù, ẹ jókòó kí ẹ fi ìdí wọ́ sọ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ gé ọ̀pá tó ga tó àyà yín, kí ẹ máa kì í mọ́lẹ̀ níwájú kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ẹ má gbára lé igi kéékèèké tí ẹ bá rí lẹ́bàá ọ̀nà; púpọ̀ nínú wọn ti kú, èèpo wọn nìkan ló ṣì dúró.

Ẹ wo àwọ̀ àpáta. Èyí tó gbẹ, tó rí bí eérú tàbí pupa rúsúrúsú, ẹ tẹ̀ ẹ́. Èyí tó dúdú tó ń dán, omi wà lára rẹ̀. Èyí tó ti ní àwọ̀ ewé, ẹ yà fún un pátápátá, kò sí bàtà tó ń dúró lórí rẹ̀. Gbòǹgbò igi tó rin tún burú ju òkúta lọ: ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ ré e kọjá. Ewé gbígbẹ tó sì kó jọ lè bo ihò mọ́lẹ̀.

Ní ti ìbejì, àgbà kan fún ọmọ kan, láti ẹnu géètì títí ẹ ó fi padà síbẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀, àgbà ni kó wà nísàlẹ̀ kí ọmọ wà lókè rẹ̀, kó lè jẹ́ pé ara yín ni yóò bọ́ lé bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀. Ọrùn ọwọ́ ni kí ẹ dì mú, torí ìka tó tutù máa ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Kí àlàfo bíi mítà méjì, ó kéré tán, wà láàárín ẹ̀yin àti àwọn tó wà níwájú àti lẹ́yìn yín. Ẹni tó bá ṣubú lẹ́yìn yín kò ní tètè gbá yín lọ, ẹ ó sì ráyè yà fún òkúta tó bá yí.

Ohun tó ń bí mi nínú sí àwọn aláṣẹ ibi ìgbafẹ́ ilẹ̀ wa nìyí: tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n mọ̀. Wọn á gbowó ìwọlé, wọn kò ní sọ fún yín pé òjò rọ̀ lókè lánàá, wọn kò ní wo bàtà ẹsẹ̀ ọmọ. Àwọn kan tó pe ara wọn ní amọ̀nà sì máa ń sọ fún ènìyàn pé kó dúró sétí àpáta kí fọ́tò lè dára. Ẹ má gbọ́. Etí ibi tí omi ti ń já ni àpáta ti ń yọ̀ jù, torí omi ń kọjá lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti yà á.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Omi yẹn ń ti orí òkè tó wà lápá Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní Èkìtì bọ̀. Òjò lè má kán sí yín lára rárá kí omi sì kún lójijì, nítorí ibẹ̀ ni ó ti rọ̀. Bí omi tó mọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, bí ewé àti igi wẹ́wẹ́ bá ń ṣàn bọ̀, bí ìró rẹ̀ bá yàtọ̀, ẹ kó àwọn ọmọ jáde kúrò nínú omi kí ẹ bọ́ sí ilẹ̀ gíga lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró kó aṣọ. Ẹ má sì gbìyànjú láti la omi tó ń sáré kọjá bó bá dé orúnkún. Ó ń gbé àgbàlagbà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fò sínú ibú látorí àpáta, torí òkúta tó wà lábẹ́ fọ́ọ̀mù funfun yẹn kò ṣe é rí.

Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ ọ̀dàn ni a mọ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ilẹ̀ wa á gbẹ táútáú, a ó sì rò pé ibi gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Igbó ni ti Ìjẹ̀ṣà, abẹ́ igi ṣì máa ń rin níbẹ̀ lásìkò tí eruku ti bo ojú títì wa. Ìgbà tí mo fẹ́ràn jù ni ẹ̀yìn òjò àrọ̀kúrò, láti òpin oṣù kọkànlá wọ oṣù kejìlá: omi ṣì pọ̀, ọ̀nà sì ti ń gbẹ. Nínú oṣù kẹsàn-án, omi lẹ́wà gan-an, ṣùgbọ́n mi ò ní kó ọmọ ọdún mẹ́jọ kọjá ìpele kìíní. Ìjàlọ náà ń là ọ̀nà kọjá. Ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó dúró sinmi.

Bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá rọ́ lókè, ẹ má bọ́ bàtà rẹ̀. Bí ẹ bá bọ́ ọ, ẹsẹ̀ á wú, kò sì ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ fi báńdéèjì dì í mọ́ bàtà yípo ọrùn ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ rọra mú un sọ̀. Lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí gbígbóná wọ́ ọ tàbí kó fà á. Píọ̀ wọ́tà dídì tí a wé mọ́ aṣọ ni kí ẹ gbé lé e, ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ náà ga. Bí kò bá lè rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí bí egungun ọrùn ẹsẹ̀ bá ń dùn ún nígbà tí ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó yẹ kí wọ́n ya fọ́tò egungun. Ògbómọ̀ṣọ́ ní iléèwòsàn ńlá méjì, ti yunifásítì LAUTECH àti ti yunifásítì Bowen. Bí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní oògùn ìrora nìkan níbikíbi, kí ẹ máa lọ sílé, ẹ béèrè fọ́tò náà. Ẹ má tijú àwọn dókítà tí kì í fẹ́ kí wọ́n bi àwọn ní ìbéèrè.

Bàtà ńkọ́? Kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó ní ilà jíjìn, tó ní okùn, tí ẹ ti wọ̀ rìn dáadáa kó tó di Sátidé. Sílípáàsì kò sí níbẹ̀. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀, torí sísọ̀kalẹ̀ máa ń tì í mọ́ iwájú bàtà títí á fi dúdú. Ẹ má wọ jíìnsì. Bó bá rin, ó wúwo, kì í sì í tètè gbẹ. Píọ̀ wọ́tà mẹ́ta fún àgbà kọ̀ọ̀kan, méjì fún ọmọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà. Ẹ fi ọ̀rá wé fóònù.

Ẹ lè lọ kí ẹ sì bọ̀ lọ́jọ́ kan bí ẹ bá kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìpele méjèèje kọ́ ni ti ìbejì. Ìpele kìíní fún wíwẹ̀, kí ẹ gun ìkejì bí ilẹ̀ bá gbẹ, kí ẹ sì kọjú sílé tí agogo méjì ọ̀sán bá ti lù, ibi yòówù kí ẹ dé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ nírọ̀lẹ́ ti máa ń kún kí wọ́n tó dé ìyànà Erin, ẹni mẹ́rin kì í sì í tètè ráyè. Ẹ mú owó kéékèèké dání fún ọlọ́kadà.