Ẹ Bi Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ṣé eyín ló ń jẹ́ kọ́mọ yàgbẹ́ gbuuru?

*Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi, oṣù mẹ́jọ, ti ń yàgbẹ́ gbuuru láti àná. Ìyá ọkọ mi ní eyín ló fẹ́ hù, wọ́n ní kí n má fún un lómi torí omi náà ló ń dà jáde yẹn, kí n lọ ra oògùn eyín ní kẹ́mísì. Màmá yìí dáa sí mi, mi ò fẹ́ ká jà. Kí ni kí n ṣe? – Ìyá Ọmọ, Ìbàdàn*

Ìyá Ọmọ, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ fún ọmọ lómi, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́, kẹ́ ẹ sì máa fún un lọ́mú bó ṣe ń fẹ́. Omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde lára ọmọ ló sábà máa ń ṣekú pa á, torí náà ọmọ tó ń yàgbẹ́ tí wọ́n tún wá ń fi omi dù, ìyà méjì ló ń jẹ.

Mo mọ ìdí tí màmá fi rò pé eyín ni o. Bíi oṣù mẹ́fà leyín máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hù, àsìkò yẹn gan-an náà lọmọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rákò, tó ń ki ìdérí bíró, bàtà, owó náírà, gbogbo ẹ̀ bọnu, táa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fún un lẹ́kọ, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń gbà wọlé. Eyín kàn bá ọ̀ràn pàdé lọ́nà ni.

Ti oògùn eyín, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Àwọn tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ní 2008 á rántí My Pikin, oògùn eyín náà ni wọ́n pè é, kẹ́míkà diethylene glycol ló wà nínú ẹ̀, ó ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́, ọmọ tó lé ní 80 ló bá a lọ. Ẹ rọra sọ èyí fún màmá, wọ́n á gbọ́. Flagyl náà, oògùn apakòkòrò yẹn, ẹ má dédé rà á, àfi tí dókítà bá kọ ọ́.

ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà oníyẹ̀fun tí wọ́n ń fi omi pò fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, àti hóró síńkì ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ ka ara sáṣẹ̀ ORS yẹn, ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà wa, omi lítà kan ni wọ́n fi ń po ọ̀kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà méjì, 50cl 50cl. Gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ pò lẹ́ẹ̀kan, ẹ má pín in sí méjì tìtorí ìṣọ́wóná, ẹ má sì fi ṣúgà kún un. Tó bá ti pé wákàtí 24, ẹ dà á nù. Gbogbo ìgbà tó bá ti yàgbẹ́, 50 sí 100 ml, ṣíbí ni kẹ́ ẹ máa fi fún un díẹ̀díẹ̀, tó bá bì í, ẹ dúró bíi mínììtì 10 kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ òru tí ẹ ò rí ORS rà, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì sínú omi mímọ́ lítà kan, ẹ fọwọ́ gé orí ṣíbí náà kó dọ́gba, torí iyọ̀ tó bá pọ̀jù máa ń ṣe ọmọ léṣe.

Síńkì 20 mg, ẹyọ kan lójúmọ́, ẹ fún ọmú sí ṣíbí kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sí i. Ọjọ́ 10 sí 14 ni o, kódà tí ìgbẹ́ bá dá lọ́jọ́ kẹta, ibi tí ọ̀pọ̀ ìyá ti ń já a sílẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí i pé àwùjẹ ẹ̀ ti jìn, tó ń ké tí omijé ò jáde, tí pámpásì gbẹ fún wákàtí mélòó kan, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, àbí tí ara ẹ̀ kàn rọ̀ jọwọlọ tí kò fẹ́ mu nǹkan kan, ọsibítù ni kíá, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́.

*Bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọjọ́ tórí bá fọ́ wọn nìkan ni wọ́n ń lo oògùn. Mo ti pariwo lórí fóònù títí. – Ọmọ Bàbá, Peckham*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ yé pariwo, ẹ bi bàbá ní ìdí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń sá fún oògùn torí ohun tó ń fojú wọn rí tí wọn ò sọ: nínú àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, amlodipine lè mú kẹ́sẹ̀ wú, lisinopril lè fa ikọ́ gbígbẹ. Dókítà lè pààrọ̀ ẹ̀, ìyẹn ò le. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í fọ́ èèyàn lórí kó tó ba nǹkan jẹ́, ẹ̀jẹ̀ èèyàn lè ga dé 170/100 kó sì máa jó níbi ìnáwó. Ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá, ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún mínììtì 5 kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kẹ́nì kan máa kọ nọ́ńbà sínú ìwé. Tí wọ́n bá ti ń fojú ara wọn rí i pé nọ́ńbà òkè ń ga tó 160 lójoojúmọ́, ẹ ò ní pariwo mọ́. Ẹni tó ń se oúnjẹ wọn náà, kó dín iyọ̀ àti magí kù.

*Ìyá mi ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á jalè. Ọmọ mi ti pé oṣù méje. – Bàbá Tuntun, Òṣogbo*

Bàbá Tuntun, nígbà táwọn òbí wa ń sọ ìyẹn, ẹyin wọ́n, ẹran wọ́n, bàbá ló ń jẹ ẹ́. Ẹ sè é kó jinná dáadáa, ẹ fọ́ ọ mọ́nú ẹ̀kọ, tí màmá bá bèèrè, ẹ ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló ní kẹ́ ẹ ṣe é.